Bí Àjàgbé Ẹ̀ṣọ́ Ṣe Ṣẹ́gun Nọ́ọ̀tì Elétí Méjì

Àjàgbé! Ọmọ Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí, ọmọ ajagun-má-wẹ̀yìn, ọmọ ẹni tí ọfà kì í bà lẹ́yìn àfi kó gba iwájú wá, kó sì kọ́kọ́ tọrọ gáfárà; ọmọ Ògúndìran tó fi ìbọn ṣe ọ̀pá ìtẹ̀lẹ̀, tí ẹṣin rẹ̀ sín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí àwọn ará ìlú kejì sáré kó aṣọ tí wọ́n sá sóòrùn wọlé nítorí wọ́n rò pé òjò ló ń bọ̀; ọmọ-ọmọ Akínpẹ̀lú tó dúró lẹ́nu bodè fún oṣù mẹ́ta láìjókòó, tí àwọn ajagun rí i lọ́ọ̀ọ́kán tí wọ́n ní, ‘Ẹ má bínú, oko la ń lọ’; Àjàgbé, àjànàkú tí ń fi ẹ̀ka ìrókò ta eyín, ẹkùn tó bú lọ́sàn-án gangan tí àgbọ̀nrín gbàgbé bí wọ́n ṣe ń sáré, òkè tí ìjì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó ṣí fìlà; Àjàgbé, bí a bá rí erin ká sọ pé a rí erin, ta ló rí ọ rí tó sọ pé òun rí nǹkan fìrí?

Èmi ni Àjàgbé yẹn. Ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni mí. Èmi náà ni mo kọ oríkì yìí, nítorí mo dúró títí, kò sẹ́ni tó bá mi kọ ọ́.

N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Gbogbo ilé ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ogun tí mo jà lóṣù tó kọjá kò ṣeé fi gbólóhùn kan ròyìn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n yá ọ̀rọ̀ díẹ̀ lò.

Kí ogun tó dé, ọdún márùndínlógójì ni mo fi wọn ilẹ̀ fún ìjọba. Sọ̀féyọ̀ ni mí. Mo mọ ìlà-oòrùn, mo mọ ìwọ̀-oòrùn, mo mọ ibi tí ilẹ̀ baba lágbájá parí sí ju lágbájá fúnra rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá gbé mi jù sínú igbó kìjikìji pẹ̀lú okùn àti òpó, màá sọ ibi tí ọ̀tún wà àti ibi tí òsì wà láìwo ojú ọ̀run. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Yóò dójú tì mí níwájú.

A kì í ki jagunjagun ká má ki ẹṣin rẹ̀. Ẹṣin tèmi jẹ́ ọkọ̀ asáré oníjókòó méjì, pupa bí ojú ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, tó kúrú sílẹ̀ bí ẹkùn tó ń yọ́ ẹran lẹ́sẹ̀, tí òrùlé rẹ̀ ń ṣí kí afẹ́fẹ́ lè wọlé wá kí ẹni tó wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 1971 ni mo rà á lọ́wọ́ òyìnbó awakùsà kan tó ń padà sílé. Nígbà náà, ọwọ́ òsì ni gbogbo ọkọ̀ ń gbà ní títì, sítíárì ọkọ̀ sì máa ń wà lápá ọ̀tún. Lọ́dún kejì, ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo ọkọ̀ bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Gbogbo ọkọ̀ bọ́ sí i. Ọkọ̀ mi náà bọ́ sí i, ṣùgbọ́n sítíárì rẹ̀ dúró síbi tó wà. Láti ọjọ́ náà ni òun pẹ̀lú ọ̀tún àti òsì ti ní ọ̀rọ̀ tí wọn kò tíì parí.

Àwọn ará àdúgbò rò pé ìdajì ọkọ̀ ni òyìnbó tà fún mi. Sùnmọ́nù télọ̀, ọ̀rẹ́ mi àtàárọ̀ ọjọ́, tí ilé rẹ̀ àti tèmi jọ pín ọgbà, yí i po lẹ́ẹ̀mejì.

“Àjàgbé,” ló wí, “ìyókù rẹ̀ ńkọ́?”

Báyìí ni ọkọ̀ náà ṣe gba orúkọ. Àgékù ni wọ́n sọ ọ́.

Inú Àgékù ni mo gbé Àwẹ̀ró sí lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa lọ́dún 1974. A jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, gèlè ìyàwó fò, ó lọ kọ́ orí igi mángòrò. Àwẹ̀ró kò sunkún. Ó fi ọwọ́ òsì di irun rẹ̀ mú, ó rántí pé àwọn èèyàn ń wo òun, ó sáré fi ọwọ́ ọ̀tún pààrọ̀ rẹ̀.

Ọlọ́wọ́ òsì ni. Láti kékeré ni wọ́n ti ń bá ọwọ́ náà jà. Ìyá rẹ̀ fi aṣọ dì í. Tíṣà na án ní pàṣán títí tí ọmọ náà fi gbà láti máa fi ọ̀tún kọ̀wé, ìwé náà sì dà bí ọ̀nà tí alángbá gbà nígbà tí ajá ń lé e. Nígbà tó di nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí, ọwọ́ òsì ló fi ń gba ọmọ, kò sì sí ọmọ kan tó rí ọwọ́ náà tó ní òun ń padà. Ṣùgbọ́n lójú àwùjọ, abẹ́ ìbòrùn ni ó máa ń tọ́jú rẹ̀ sí, bí ẹni tó jí nǹkan pamọ́. Àádọ́ta ọdún ni mo fi rí èyí. N kò sọ nǹkan kan. Ọmọ Ẹ̀ṣọ́ ni mí, mo lè dákẹ́ ju òkúta lọ.

Lọ́dún 1999, Àgékù wọ ẹ̀yìnkùlé, ó ní òun fẹ́ sinmi díẹ̀. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ló fi sinmi. Lọ́dún tó kọjá ni mo dìde sí i. Èmi nìkan. Mo tú kabureto palẹ̀, mo fi bẹntiróòlù wẹ̀ ẹ́ bí ọmọ ìkókó. Mo fi sáńpépà ha ẹnu àwọn púlọ́ọ̀gì. Mo pààrọ̀ rọ́bà omi, mo so bátìrì tuntun. Ní ọjọ́ kan ẹ́ńjìnnì náà ké. Ó wúkọ́, ó tú ìdílé eku kan jáde láti inú páìpù èéfín, bàbá, ìyá àti ọmọ, ó sì kú padà. Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, mo rẹ́rìn-ín. Ó tó ìṣẹ́jú kan.

Ayọ̀ yẹn ni omi bà jẹ́.

Láti ìgbà tí a ti kọ́lé, kànga Sùnmọ́nù ni Àwẹ̀ró ti ń pọnmi. Orúnkún rẹ̀ ti ní òun kò ṣe mọ́. Jọláadé, ọmọ wa obìnrin tó wà ní Ìlọrin, ní ká gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sínú ọgbà. Ẹni tó ń fi irinṣẹ́ wá omi dé, ó yí ilé ká lẹ́ẹ̀mẹta, ó dúró síwájú Àgékù, ó fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀.

“Abẹ́ ibí yìí ni omi wà, bàbá. Kò sí níbòmíràn.”

Àwẹ̀ró yíjú sí mi.

“Bàbá Jọláadé, ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lẹ fi jókòó lé omi mi lórí.”



Bí ọ̀rọ̀ ṣe di ti ogun nìyí. Ọjọ́ Sátidé ni àwọn agbẹ́kànga yóò dé. Táyà iwájú méjèèjì ti rà, ẹsẹ̀ Àgékù sì ti rì sínú ilẹ̀ bí ti àlejò tí wọ́n fún ní iyán tó dára. Bí n kò bá yọ ẹsẹ̀ méjèèjì, kí n fi èyí tó ní táyà tuntun rọ́pò wọn, ọkọ̀ kò ní lè kúrò. Bí kò bá kúrò, wọn yóò fi ṣéènì wọ́ ọ jáde, ìdí rẹ̀ yóò ya, oníkọ́ńdẹ́mù tó ń ra irin àlòkù yóò sì gé e sínú kẹ̀kẹ́. Àwẹ̀ró kò fi èyí halẹ̀ mọ́ mi. Ó kàn sọ ọ́. Mo gbà pé òótọ́ ló sọ. Omi ni yóò borí.

“Lọ pe mẹ́káníìkì,” ni Sùnmọ́nù wí láti orí ọgbà.

Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ Akínpẹ̀lú ti gùn mí. Mo dìde. Mo gbé ọwọ́ sókè. Mo sọ gbólóhùn tó gùn jù lọ tí mo sọ lọ́dún náà:

“Bí ẹlòmíràn bá fi òòlù kan ọkọ̀ yìí kó tó kúrò níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní ọmọ Ẹ̀ṣọ́ mọ́ láé.”

“Mo gbọ́,” ni Sùnmọ́nù wí.

“Gbogbo àdúgbò gbọ́,” ni Àwẹ̀ró wí, ó sì wọ ilé ìdáná.

Ẹ jẹ́ kí n júwe ọ̀tá kó tó di pé a pàdé rẹ̀ lójú ogun. Irú ọkọ̀ yìí kì í fi nọ́ọ̀tì wẹ́wẹ́ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú bí ti àwọn ọkọ̀ yòókù. Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ló wà láàárín ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó tóbi tó àwo ọbẹ̀, ó sì ní etí méjì tó nà jáde lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tí Àgékù ń rìn, mẹ́káníìkì ló ń bá mi tú u. A kì í fi sípánà tú u. Òòlù bàbà ni a fi ń gbá a létí, a ó sì máa gbá a títí yóò fi yí. Etí méjì ló ní, mo tún wí, kò sì fi èyíkéyìí gbọ́ràn.

Gbogbo ẹni tó ti di nǹkan mú rí ló mọ̀ pé bí a bá ń yí nọ́ọ̀tì sí ọ̀tún, à ń dè é. Bí a bá ń yí i sí òsì, à ń tú u. Èmi tí mo wọn ìpínlẹ̀ mẹ́ta mọ èyí dájú.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, ní wákàtí tí àkùkọ ṣì ń jiyàn lórí ẹni tó kọ́kọ́ kọ, Àjàgbé jáde síta pẹ̀lú ṣòkòtò kẹ́ńbẹ́ àti òòlù bàbà, ó fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ sókè, ó dojú kọ ẹsẹ̀ apá òsì, ó gbá nọ́ọ̀tì ibẹ̀ létí lẹ́ẹ̀kan, ilẹ̀ mì. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kejì, nọ́ọ̀tì náà yí, ó jọ̀wọ́ ara rẹ̀, ó bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ Àjàgbé bí adé ọba ìlú tí a ṣẹ́gun. Mo gbé ẹsẹ̀ tuntun sí i. Mo nu ọwọ́.

“Ẹ̀ṣọ́!” ni Sùnmọ́nù kígbe. “O ti mú ìlú kan?”

“Ó ku kan.”

Mo kọjá sí apá ọ̀tún. Mo kúnlẹ̀ sí apá ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà, kí ọwọ́ ọ̀tún mi lè sún mọ́ ọn, mo sì gbá etí tó kọjú sí mi wálẹ̀. Ó yí díẹ̀. Mo rò ó nínú ara mi pé ẹni tó bá yí díẹ̀ yóò yí púpọ̀. Mo tún gbá a. Ó tún yí díẹ̀, tó tó ìwọ̀n èékánná. Lẹ́yìn ìyẹn kò yí mọ́. Mo gbá a ní ogójì ìgbà. Ẹyẹ kúrò lórí igi. Ewúrẹ́ Sùnmọ́nù kó àwọn ọmọ rẹ̀, ó lọ bá àwọn àna rẹ̀ gbé. Nọ́ọ̀tì náà wò mí, ó na etí rẹ̀ méjèèjì, kò sọ nǹkan kan. Mo mọ irú rẹ̀. Èmi náà nìyẹn.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo mú epo bíréèkì wá, mo rọ ọ́ sí i lọ́rùn. Ó mu ún. Mo rọ kẹrosíìnì sí i. Ó mu ìyẹn náà, bí àlejò tí kò mọ ìgbà tí à ń lọ sílé. Nígbà náà ni Àjàgbé, ọmọ ajagun-má-wẹ̀yìn, wá páìpù irin tó gùn ju òun lọ, ó so ó mọ́ etí nọ́ọ̀tì, ó gun orí rẹ̀, ó fò sókè bí ọ̀kín, ó bọ́ sílẹ̀ bí àpò gààrí. Páìpù yọ̀. Mo fi ìbàdí lélẹ̀.

Ẹ̀ṣọ́ kì í gba ọfà lẹ́yìn. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò sí ẹnì kan nínú ìdílé wa tó gbà á lẹ́yìn rí. Èmi ni ẹni àkọ́kọ́. Ẹ̀yìn gan-an ló ti bá mi, níbi tí ìgbànú ṣòkòtò ń gbà kọjá.

Sùnmọ́nù gbé àga rẹ̀ sún mọ́ ọgbà kó lè ríran dáadáa.

“Àrọ̀yè o, alágbẹ̀dẹ,” ló kí mi. “Ṣé ìwọ lo dùbúlẹ̀, àbí ọ̀tá ló dá ọ?”

“Mò ń wo abẹ́ ọkọ̀.”

“Abẹ́ ọkọ̀ wà lápá ọ̀hún. Ojú ọ̀run lò ń wò.”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà Àwẹ̀ró fi òrí pa mí lẹ́yìn. Àwa méjì péré la wà nínú yàrá, nítorí náà ọwọ́ òsì ló fi ń pa á. Ọwọ́ náà mọ ibi tí ó ń dùn mí láìbéèrè.

“Ẹ jẹ́ ká pe mẹ́káníìkì,” ló wí.

“Mo ti búra.”

“Ẹni tó búra kò kúkú lè tẹ̀ mọ́.”

 Ó tún bu òrí sọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun kan tí n kò retí: “Èmi náà ò fẹ́ kí wọ́n gé e. Gèlè mi ló jẹ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nílé ọkọ.”

Ní ọjọ́ Ẹtì, mo se omi gbígbóná, mo dà á lé nọ́ọ̀tì náà lórí. Mo gbàdúrà lé e. Mo ki í. Mo bú u, mo bú ìlú tí wọ́n ti rọ ọ́. Mo tún gbá a, láti apá kan náà, létí kan náà, pẹ̀lú agbára tí Akínpẹ̀lú fi dúró lẹ́nu bodè. Kò mì. Oòrùn wọ̀, mo sì mọ̀ ní ọkàn mi pé lọ́la, ní ojú Sùnmọ́nù, ní ojú Àwẹ̀ró, wọn yóò fi ṣéènì sí ọkọ̀ mi lọ́rùn bí ẹrú.

Àárọ̀ Sátidé mọ́. Ọkọ̀ agbẹ́kànga fọn fèrè lẹ́nu géètì, ó ga bí ilé alájà, ó gbé ọ̀pá irin gígùn lé orí. Ọ̀gá wọn sọ̀ kalẹ̀, ọkùnrin gìrìpá kan tó wọ bàtà rọ́bà.

“Ẹ kú àárọ̀ o, bàbá. Ṣé ibi tí mọ́tò yìí wà yìí náà ni?”

“Ibẹ̀ ni.”

Ó yí Àgékù po. “Bàbá, ìyókù ẹ̀ ńkọ́?”

Sùnmọ́nù fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́ lórí àga.

Ọ̀gá náà rí i pé n kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ẹsẹ̀ ọ̀tún tí táyà rẹ̀ ti rà, ó wo oòrùn, ó ní kí àwọn ènìyàn òun mú ṣéènì wá. Mo gbọ́ bí ṣéènì náà ṣe ń wọ́ nílẹ̀. Mo kúnlẹ̀ síbi tí mo ti ń kúnlẹ̀ láti Ọjọ́rú. Mo gbé òòlù. Ẹ̀yìn mi ní rárá. Mo tún gbé e. Ẹ̀yìn mi tún ní rárá. Ọmọ ajagun-má-wẹ̀yìn kò lè gbé òòlù tó kéré sí ọmọ odó kúrò nílẹ̀.

Àwẹ̀ró jáde láti ilé ìdáná. Ilá tó ń rẹ́ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó wo ṣéènì. Ó wò mí.

“Ẹ mú un wá,” ló wí.

“Mo ti búra, Àwẹ̀ró.”

“Èmi ò búra. Ẹ mú òòlù wá.”

Ó gbà á. Ó kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tèmi. Apá iwájú ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà ló bọ́ sí, kí ọwọ́ rẹ̀ lè rí àyè. Ó fi òòlù sí ọwọ́ ọ̀tún, nítorí ojú àwọn àlejò mẹ́rin ló ń wò ó, àti ti Sùnmọ́nù. Ó gbé e sókè, kò bá a mu.  Ó tú ìbòrùn kúrò léjìká, ó jù ú sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì gbé òòlù bọ́ sí ọwọ́ òsì, ọwọ́ tí wọ́n fi aṣọ dì, ọwọ́ tí pàṣán jẹ, ọwọ́ tó gba ìdajì àwọn ọmọ àdúgbò yìí bọ́ sáyé kí ẹnikẹ́ni tó gbà wọ́n. Etí tó kọjú sí òun, èyí tí n kò fọwọ́ kàn rí, ni ó gbá wálẹ̀.

Gbàà!

Nọ́ọ̀tì náà ké bí ẹlẹ́dẹ̀. Ó yí.

 Ó gbá a lẹ́ẹ̀kejì, ó yí yíká. Ó fi ìka mẹ́ta yí ìyókù bí ẹni ń ṣí ìdérí ìgò oyin.

“Ọ̀tún ló yí sí,” ni mo wí. Ẹnu mi kò pa dé.

“Mi ò mọ ibi tó yí sí o. Mo ṣáà mọ̀ pé ó yí.”

Mo gba nọ́ọ̀tì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi èékánná ha ọ̀dà fàdákà tó wà lójú rẹ̀. Lábẹ́ ọ̀dà ni ọfà kékeré kan wà, tí wọ́n gbẹ́ sára irin, tó ń tọ́ka sí ọ̀tún: ọ̀nà tí à ń gbà tú u. Àwọn tó rọ ọkọ̀ náà gbẹ́ nọ́ọ̀tì apá kan ní ìdàkejì èkejì, kí yíyí ẹsẹ̀ lójú ọ̀nà má bàa máa tú u. Wọ́n sì fi ọfà sí i kí ẹni tí kò gbọ́n má bàa ṣìnà. Ọfà yẹn náà dojú kọ mí láti iwájú, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe yẹ kó dojú kọ ọmọ Ẹ̀ṣọ́. Ta ló fi ọ̀dà bò ó? Èmi ni. Lọ́dún 1989, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kun ún lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì ki ara mi lọ́jọ́ náà pẹ̀lú.

Sọ̀féyọ̀ ìpínlẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń dè é.

Sùnmọ́nù ti ń nu omi ojú. “Àjàgbé! O lọ sógun, o bá ọ̀tá, o wá ń bá a di àmùrè! Ọjọ́ mẹ́ta! O sì tún ń bi í pé ṣé ó le dáadáa!”

 Mo gbé ẹsẹ̀ tuntun sí i. Mo de nọ́ọ̀tì. Sí òsì.

Nígbà náà ni Àjàgbé, àjànàkú tí ń fi ẹ̀ka ìrókò ta eyín, yọ jáàkì, ó wọ inú ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ agbẹ́kànga méjì, ó jókòó lápá ọ̀tún níbi tí ìjọba ti gbàgbé rẹ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó ronú, ó sì bú ramúramù tí fèrèsé Sùnmọ́nù fi gbọ̀n. Àgékù fa ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ nínú ilẹ̀ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, ó sì yan, ó yan bí ọba tó ń ti ìwẹ̀ bọ̀, ó yan kọjá iwájú ilé ìdáná, ó yan kọjá okùn aṣọ, ó yan títí dé abẹ́ igi ọsàn, ó sì kú síbẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo wọ̀n ọ́n. Ìṣísẹ̀ mẹ́rìndínlógún.

“Ó tó, bàbá!” ni ọ̀gá agbẹ́kànga kígbe. “Ó ti tó!”

Sùnmọ́nù kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bọ́. Ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé ọgbà.

“Ó ku kan o. O búra. O ní bí ẹlòmíràn bá fi òòlù kan án, ìwọ kì í ṣe Ẹ̀ṣọ́ mọ́. A rí i. Gbogbo wa rí i.”

Òótọ́ ló wí. Àwẹ̀ró ti mú ìbòrùn rẹ̀, ó ti ń wá ọ̀nà láti fi ọwọ́ náà pamọ́ padà. Mo wò ó. Àádọ́ta ọdún ni mo ti ń wò ó tí n kò sọ nǹkan.

“Ẹlòmíràn kọ́,” ni mo wí.

“Ta wá ni?”

“Ṣé Balógun máa ń lọ sógun ní òun nìkan? Ó ní Ọ̀tún, ó ní Òsì. Ohun tí Òsì Balógun bá mú, Balógun ló mú un. Mo ti lo ọ̀tún fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ rí ohun tó ṣe.” Mo gba ìbòrùn náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi kọ́ èjìká ara mi. “Òsì mi nìyí.”

Sùnmọ́nù la ẹnu. Ó pa á dé. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nìyẹn.

Ìdajì ọgọ́rùn-ún ọdún ni Àwẹ̀ró fi mọ ojú mi. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀ láti mọ̀ bóyá mò ń ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn náà ó lọ gbé ilá rẹ̀ jáde, ó ń fi ọwọ́ òsì rẹ́ ẹ níta gbangba, níwájú gbogbo wọn.

Omi jáde ní ìrọ̀lẹ́. Ó kọ́kọ́ jẹ́ ẹrẹ̀, lẹ́yìn náà ó mọ́. Mo mú ìwé àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ kan, mo yí i sẹ́yìn, mo sì kọ ìkéde yìí síbẹ̀ láti lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì:

Kí ọmọdé gbọ́, kí àgbà gbọ́, kí ará Ògbómọ̀ṣọ́ gbọ́, kí ará Ìlọrin gbọ́ kó sọ fún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀: ní ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ogun ọjọ́ mẹ́ta tí oòrùn kò rí irú rẹ̀ rí, Samsoni Àjàgbé Ògúndìran, ọmọ Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí, ajagun-má-wẹ̀yìn, tí ẹ̀yìn ń ro, borí ọ̀tá elétí méjì, ó sì gbé ọkọ̀ rẹ̀ kọjá ilẹ̀ tó gbòòrò tó ìṣísẹ̀ mẹ́rìndínlógún láìpadà sẹ́yìn. Àwẹ̀ró, aya rẹ̀, ló fọ́ odi. A fi í jẹ Òsì Balógun ọgbà yìí láti òní lọ. Àwọn àgbà ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ilé baba wọn nìyẹn. Ẹni tó bá bèèrè ilé Àjàgbé, ọwọ́ òsì ni kí ẹ fi júwe rẹ̀ fún un.

Mo fi ọwọ́ sí i. Mo gbé e fún Àwẹ̀ró.

Ó kà á tán. Ó ní ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù. Ó gba kálàmù lọ́wọ́ mi, ó wo ọwọ́ ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì fi òsì buwọ́ lù ú ní ìsàlẹ̀ orúkọ mi. Ìwé náà dúró ṣánṣán. Kò sí alángbá níbẹ̀.